Pínnì, síìpù tàbí ọ̀pá ike: èwo ni kí ẹ fi gbé kúìtì sórí férémù longarm?

Ìbéèrè méjì ni àwọn aránṣọ máa ń dà pọ̀ bí ọ̀rọ̀ gbígbé kúìtì, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta, sórí férémù longarm, maṣíìnì ńlá tí a fi ń rán an, bá délẹ̀. Èkíní: kí la máa fi di aṣọ abẹ́ mọ́ rólà? Èkejì: ojú kúìtì ńkọ́, ṣé ká de òun náà ni àbí ká fi í sílẹ̀ láìdè? Ọ̀rọ̀ owó àti iye iṣẹ́ tó ń wọlé ni èkíní. Èkejì, irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín ló máa dáhùn rẹ̀. Ní tèmi, ìbéèrè èkejì ló ń ba kúìtì jẹ́ jù, síbẹ̀ orí èkíní ni owó àwọn èèyàn ń tán sí.

Ẹ̀yin aránṣọ Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tí ẹ ti mọwọ́ maṣíìnì lásán, tí ẹ wá ra longarm tòkunbọ̀ tàbí tí ẹ ń rò ó, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kúìtì ní ìpele mẹ́ta: ojú rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ àǹkárá gígé tí a so pọ̀, fáíbà pẹlẹbẹ tó wà láàárín, àti aṣọ abẹ́. Lórí maṣíìnì lásán, ọwọ́ wa la fi ń ti ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Ti longarm kò rí bẹ́ẹ̀. Kúìtì á dúró lójú kan, maṣíìnì ló ń rìn lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, lórí táyà kéékèèké.

Férémù ọ̀hún kì í ṣe tábìlì. Irin gígùn ni, ẹsẹ̀ bàtà 8, 10 tàbí 12, tí rólà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dùbúlẹ̀ lé lórí. Rólà kan wà lọ́dọ̀ yín níwájú tí a ń ká aṣọ abẹ́ sí. Òmíràn wà fún ojú kúìtì. Èyí tó gba ọ̀fun maṣíìnì kọjá, ìyẹn àyè tó wà lábẹ́ apá rẹ̀, ni yóò máa ká ibi tí a ti rán tán. Kánfáàsì kan máa ń wà lára rólà kọ̀ọ̀kan, ara kánfáàsì yẹn la ti ń so aṣọ mọ́ ọn. (Ẹ wọn ṣọ́ọ̀bù yín kí ẹ tó sanwó o. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ojú títì kò lè gba férémù ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ sì nílò àyè láti rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀.)

Aṣọ abẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Aṣọ abẹ́ gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 4 ju ojú kúìtì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn íǹṣì 8 ní ìbú àti íǹṣì 8 ní gígùn. Oníbàárà á ní ẹ fẹ́ fi aṣọ òun ṣòfò. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ibẹ̀ ni kílíìpù ẹ̀gbẹ́, èyí tó ń di aṣọ mú lọ́tùn-ún àti lósì férémù, máa gbá mú, ibẹ̀ ni pínnì tàbí síìpù máa wọ̀, ibẹ̀ náà la ti ń dán òwú wò kí abẹ́rẹ́ tó kan ojú kúìtì.

Ẹ jẹ́ ká fi àǹkárá ṣírò rẹ̀, nítorí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìbú àǹkárá ọjà sábà máa ń tó íǹṣì 45 sí 46. Kúìtì tó jẹ́ íǹṣì 60 ní ìbú, 70 ní gígùn, nílò aṣọ abẹ́ íǹṣì 68 sí 78. Ẹ mú ọ̀nà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní íǹṣì 68, ẹ so etí wọn pọ̀: ó ti ju 78 lọ. Yáàdì 4 ló gbà, yáàdì 2 á sì ṣẹ́kù nínú yáàdì 6 tí ẹ rà, ẹ lè fi wé etí kúìtì náà tàbí kí ẹ fi rán ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n bí kúìtì bá tó íǹṣì 90 sí 100, aṣọ abẹ́ á di 98 sí 108. Ọ̀nà méjì kò tó mọ́, mẹ́ta ni, ìyẹn sì ju yáàdì 8 lọ. Níbẹ̀, bí ẹ bá rí aṣọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì olówùú tó fẹ̀ tó, ẹ rà á. Kò ní ojú ìrán kankan, owó rẹ̀ sì lè má ju ti àǹkárá lọ.

Bí ojú ìrán bá wà, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bí rólà ṣe dùbúlẹ̀. Èyí tó bá dúró lóòró, gbogbo ìgbà tí rólà bá yí ni yóò máa ká lé ara rẹ̀ níbì kan náà. Ibẹ̀ á ga, á le, apá ọ̀tún àti apá òsì á wá dẹ̀. Ẹ lè fa kílíìpù títí, kò ní gún.

Ẹ fọ àǹkárá tuntun kó tó dé orí férémù, kí sítáàṣì inú rẹ̀ lọ, kó súnkì, kí àwọ̀ tó bá máa dà nínú rẹ̀ sì dà nínú báàfù yín, kó má dúró de ilé oníbàárà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya á, ẹ má gé e. Aṣọ òwú tó bá ti jẹ́ híhun lásán máa ń ya tọ ojú òwú rẹ̀, etí rẹ̀ á sì gún ju èyí tí sáàsì gé lọ. Kí ẹ wá fi tépù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, igun rẹ̀ pé. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ padà sídìí rẹ̀, nítorí síìpù tó wọ́n jù lágbàáyé kò lè tún aṣọ abẹ́ tó wọ́ ṣe.

Pínnì

Òun ló dínwó jù. Ẹ lè rí i rà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Ọjà Ọba, ẹ ò sì ní ra ohun mìíràn mọ́ ọn. Ẹ fi báírò sàmì sí àárín kánfáàsì, ẹ ṣẹ́ aṣọ abẹ́ po láti rí àárín tirẹ̀, ẹ pa àárín pọ̀ mọ́ àárín, kí ẹ wá máa fi pínnì mú un lọ láti àárín sí ọ̀tún, láti àárín sí òsì. Ojú aṣọ abẹ́ tó dára á kọjú sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọjú sókè sí fáíbà. Kí pínnì dùbúlẹ̀ tọ etí aṣọ, kí orí ìkan sún mọ́ ìdí ìkejì. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, aṣọ á wọnú níbẹ̀, á sì yọ níbi tí pínnì wà, etí rẹ̀ kò ní gún mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa pínnì ni pé kò yan aṣọ. Aṣọ tó nípọn, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, etí tó ní ojú ìrán, gbogbo rẹ̀ ló ń mú. Bí apá kan bá sì fi díẹ̀ gùn ju èkejì, ẹ lè máa pín àlékún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ.

Àmọ́ ó máa ń jẹ àkókò, ìka á sì jẹ nínú rẹ̀. Etí méjì ni aṣọ abẹ́ nìkan ní, ti orí àti ti ìdí. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé pínnì tí kúìtì ńlá kan ń gbà kì í ṣe díẹ̀. Ní àsìkò òjò, pínnì olówó pọ́ọ́kú máa ń dípata, bó bá sì sùn lára aṣọ funfun, àmì rẹ̀ ṣòroó fọ̀. Bí ọmọdé bá ń rá nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ra máágínẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ ó máa fi ṣa ilẹ̀ lálaalẹ́.

Síìpù

Bí síìpù ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ máa rán apá kan rẹ̀ mọ́ kánfáàsì títí láé, ẹ ó wá fi tákì, ìyẹn ìránṣọ gbọọrọ tó ṣeé tú, rán apá kejì mọ́ etí aṣọ abẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé kúìtì gorí férémù, ẹ fa síìpù. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fà á padà. Iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò, ìyẹn rírán síìpù mọ́ aṣọ, orí maṣíìnì lásán lẹ ti máa ṣe é, lórí ìjókòó, kì í ṣe lórí ìdúró nídìí férémù. Ọmọ iṣẹ́ lè máa rán ti oníbàárà kejì lọ́wọ́ bí ọ̀gá ṣe ń rán ti àkọ́kọ́ lórí longarm. Èrè síìpù gan-an nìyẹn, àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sì í sábà mẹ́nu bà á.

Èrè kejì ni pé férémù yín kò ní di túbú. Nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ìgbéyàwó bá pọ̀ lóṣù Disẹ́ńbà tí ìyá ìyàwó sì ń fi kúìtì kún ẹrù ọmọ rẹ̀, oníkánjú kan á wọlé láàárọ̀. Tó bá jẹ́ pínnì lẹ fi de èyí tó wà lórí férémù, ẹ máa ní kó dúró ni. Bó bá jẹ́ síìpù, ẹ lè tú u, ẹ ká a sínú ọ̀rá, ẹ gbé ti oníkánjú gorí, kí ẹ sì dá ti àkọ́kọ́ padà lọ́la. Ẹ ó tún ìfà rẹ̀ ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ra síìpù ẹyọ-ẹyọ. Síìpù rólù tí wọ́n ń tà ní yáàdì ni kí ẹ rà, kí ẹ ra orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Oníike nọ́ńbà 5 ti lágbára tó, ohun tó sì ṣe pàtàkì ni kí gbogbo èyí tí ẹ bá rà jẹ́ nọ́ńbà kan náà, kí apá èyíkéyìí lè wọ apá èyíkéyìí. Ẹ sàmì sí àárín gbogbo wọn. Bí àárín síìpù aṣọ bá fi íǹṣì kan péré yẹ̀ kúrò lára àárín síìpù kánfáàsì, kúìtì á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí yóò fi parí.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó: ẹni tí kò bá lè rán síìpù mọ́ aṣọ kó gún kò ní rí èrè rẹ̀. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ń fa aṣọ bó ṣe ń rán an, etí á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, á máa jó, ẹ ó sì rí i ní kété tí ẹ bá ká a sórí rólà.

Ọ̀pá ike

Ọ̀pá kan á wà nínú apò tí a rán sí etí kánfáàsì. Ẹ ó tẹ́ etí aṣọ abẹ́ lé e lórí, ẹ ó wá tẹ ike gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ là mọ́ ọn títí yóò fi dún pọ́. Ó parí. Kò sí pínnì, kò sí ìránṣọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó yá bíi rẹ̀, ìyá àgbà tí ìka ń dùn sì lè ṣe é.

Òkè òkun ni èyí tí wọ́n ṣe fún férémù ti ń wá, ó sì wọ́n. Àwọn kan máa ń la páìpù omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi sáńdípépà pa ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì lò ó. Fún kúìtì ọmọdé, ó lè ṣe é. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi gbé kúìtì bẹ́ẹ̀dì ńlá, nítorí bí ẹnu páìpù bá dẹ̀ lágbede méjì iṣẹ́, aṣọ á yọ̀. Àní ojúlówó rẹ̀ náà kì í fẹ́ràn ibi tí ojú ìrán bá ti nípọn. Bó bá sì ti gbá aṣọ mú, kò sí àyè láti pín àlékún bíi ti pínnì, nítorí náà aṣọ abẹ́ tí igun rẹ̀ kò pé kò yẹ ẹ́ rárá.

Àwọn kan ń lo fẹ́líkúrò. Ó ń kó okùn òwú àti ìdọ̀tí fáíbà, kò sì pẹ́ tí kì í fi í dì mọ́ra mọ́. Ẹ fojú fò ó.

Ojú kúìtì: dídè àbí àìdè?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbí. A lè de ojú kúìtì lórí àti nídìí, kó ní rólà tirẹ̀, bíi ti aṣọ abẹ́ gan-an. A lè fi tákì mú orí rẹ̀ mọ́ fáíbà àti aṣọ abẹ́, kí a wá de ìdí rẹ̀ nìkan mọ́ rólà. A sì lè fi tákì mú orí rẹ̀, kí a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìdè rárá, kó máa fì níwájú férémù. Fáíbà ní tirẹ̀, láìdè la sábà máa ń fi í sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Dídè lórí àti nídìí dára fún ojú kúìtì tí a rán dáadáa, tí igun rẹ̀ pé, pàápàá bí kúìtì bá tóbi tó sì wúwo. Ó dúró gírí, kò gbá ilẹ̀, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà darí maṣíìnì rẹ̀ á sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Bí etí ojú kúìtì bá gùn ju àárín rẹ̀ lọ, àlékún yẹn kò ní ibi tó máa sá lọ. Á máa kóra jọ níwájú abẹ́rẹ́ títí yóò fi di kíkákò tí a rán mọ́lẹ̀.

Ẹ wo irú kúìtì tí wọ́n ń gbé wá fún wa. Ìyá kan á kó ṣẹ́kù aṣọ àǹkóò ọdún pípẹ́ jáde: léèsì ìgbéyàwó, gínì ìsìnkú bàbá, àǹkárá ìkómọ, ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di kúìtì kan. Gínì ń yọ̀, léèsì ní ihò, àǹkárá dúró ṣinṣin. Kò sí bí a ṣe lè rán irú wọn pọ̀ kí etí rẹ̀ má jó díẹ̀. Ẹ lẹ gọ́ọ̀mù sìtéè mọ́ ẹ̀yìn léèsì kí ẹ tó gé e, ìyẹn á ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lórí férémù, àìdè ni oògùn rẹ̀. Ojú tí a kò dè, ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ẹ lè gbé ìdí rẹ̀ sókè wo bóyá fáíbà ká lábẹ́, ẹ sì lè pín àlékún rẹ̀ kó tó di wàhálà. Bí aṣọ òfì bá wà nínú rẹ̀, ẹ gbé abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 sí i, kí ẹ rọra rìn.

Àìdè ní ìlànà tirẹ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́ fi tákì mú orí, ẹ ti ìrìn maṣíìnì kí ó má lè lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ó rán ìlà kan gbọọrọ láti òsì dé ọ̀tún lára aṣọ abẹ́ àti fáíbà. Ara ìlà yẹn ni etí ojú kúìtì máa sùn lé. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ íǹṣì 60, gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí rólà, 60 náà ni kó jẹ́. Bó bá di 61, ẹ tì í wọlé díẹ̀ kí ẹ tó fi tákì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí kúìtì tó ń fì níwájú, ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, nítorí eruku ọyẹ́ kò mọ aṣọ funfun yàtọ̀. Ìwúwo ìdí náà sì lè máa fa ojú kúìtì sílẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀pá irin pẹlẹbẹ kan tẹ̀ ẹ́ lórí rólà iwájú.

Ọ̀nà àárín, tákì lórí àti dídè nídìí, ni èmi máa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ gún, ìdí rẹ̀ kò gbá ilẹ̀, àyè ṣì wà láti pín àlékún ní ẹ̀gbẹ́.

Fífà rẹ̀

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ má fa aṣọ títí tí yóò fi le bí awọ ìlù. Ẹ ti ìka yín bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kejì mú ìka náà láti òkè: bí ọwọ́ bá lè mú un láti òkè, ó tó. Èyí tó le jù á máa gé òwú, abẹ́rẹ́ á máa fo ìránṣọ, bí kúìtì bá sì kúrò lórí férémù, á súnra kì. Àwọn ahunṣọ òfì Ìlọrin mọ èyí dáadáa: òkúta tí wọ́n gbé lé ohun tó di òwú wọn mú lọ́hùn-ún ló ń fà á, ó sì máa ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń hun. Irú ìfà bẹ́ẹ̀ ni kílíìpù ẹ̀gbẹ́ yẹ kó ṣe. Kó kàn mú aṣọ dúró ni. Ẹ tú kílíìpù kí ẹ tó yí rólà, ẹ dá a padà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ti orí maṣíìnì dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtan iná, kí ẹ rí i pé kò ní gbá kílíìpù.

Èwo ni ti yín?

Ẹni tó ń rán fún ilé ara rẹ̀, tí kò sí ẹni tó ń lé e: pínnì ti tó. Ẹ má ra nǹkan kan kún un.

Ṣọ́ọ̀bù tó ní ọmọ iṣẹ́, tí oníbàárà ń wọlé léraléra: síìpù fún aṣọ abẹ́, ọ̀nà àárín fún ojú kúìtì. Bí aṣọ àǹkóò bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ láìdè. Ohun tí mo rò pé ó yẹ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyí.

Ọwọ́ tó ń dùn, tàbí ẹni tó dá ṣiṣẹ́ tó sì lówó lọ́wọ́: ọ̀pá ike, bí aṣọ abẹ́ rẹ̀ bá máa ń pé igun nígbà gbogbo.

Ẹni tó ń rán kúìtì ọmọ tuntun: ẹ má gbé wọn gorí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé aṣọ abẹ́ kan tó fẹ̀ gorí, ẹ tẹ́ fáíbà lé e, kí ẹ wá to kúìtì kéékèèké méjì tí ìbú wọn jẹ́ íǹṣì 36 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìdè, pẹ̀lú àlàfo láàárín tí sáàsì máa gbà. Férémù ẹsẹ̀ bàtà 10 gbà wọ́n dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúìtì tó gùn ju ìbú rẹ̀ lọ: bí férémù bá gbà á, ẹ jẹ́ kí gígùn rẹ̀ dùbúlẹ̀ tọ rólà. Iye ìgbà tí ẹ máa yí rólà á dín kù, èyí tó ń kóra jọ nínú ọ̀fun maṣíìnì kò sì ní pọ̀ jù.

Ẹni tí kò ní férémù, tó fẹ́ gbé tirẹ̀ fún ẹlòmíràn rán: ẹ má so ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nílé. Férémù ń gbà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ bá ti fi tákì so wọ́n pọ̀, ẹni tó máa rán an á kọ́kọ́ tú u ni. Ẹ kó wọn wá báyìí: ojú kúìtì tí ẹ ti lọ̀ ní áyọ́ọ̀nù tí ẹ sì ti gé òwú ẹ̀yìn rẹ̀, fáíbà lọ́tọ̀, aṣọ abẹ́ tó fi íǹṣì 4 jù ú lọ yíká. Kí ẹ so bébà kékeré kan mọ́ ibi tó jẹ́ orí.